Ìlà Kọkànlá ní Ìlú Kòṣẹ́kù

Ìròyìn náà fi ọjọ́ kan péré pẹ́. Láwuyì adẹ́mu ló mú un wá sí Ìdí-Orógbó, ó ń sáré, agbè ẹmu rẹ̀ sì ń gbá a ní ìhà bí ó ti ń bọ̀. Ó ní orí ọ̀pẹ ni òun wà tí òun fi gbọ́ ohùn akéde àwọn iwin nísàlẹ̀. Akéde náà ń kígbe pé ìkànìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Kòṣẹ́kù, pé kí ọmọ aráyé kankan má ṣe wọ igbó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí ó bá jẹ oúnjẹ wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, wọn yóò kà á mọ́ ara wọn, ẹni tí wọ́n bá sì ti kà, kò sí ẹni tí yóò yọ ọ́ kúrò.

"Nígbà wo lẹ gbọ́ ọ?" ni Olúgbódi bi í.

"Àná."

"Àná àárọ̀ àbí àná ìrọ̀lẹ́?"

Láwuyì wo ilẹ̀. "Àárọ̀ ni. Mo ní kí n tọ́ ẹmu wò kí n tó sọ̀kalẹ̀. Ẹmu náà dáa, ọmọ mi. Ó dáa ju bó ṣe yẹ lọ."

Ọdẹ́ṣínà, àfẹ́sọ́nà Olúgbódi, ti wọ igbó láti àná, kí oòrùn tó yọ. Ẹran ìgbéyàwó wọn ló ń wá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú. Ọyẹ́ ti gbẹ mí lọ́fun, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni délé kí ó máa sọ ohun tí n kò sọ. Ẹ wò mí dáadáa. Èmi arúgbó tí ẹ ń wò yìí, mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo rí.

"Méjì ni," ni ìyàwó mi wí láti ìdí apẹ̀rẹ̀ orógbó rẹ̀. "Ọ̀kan nínú wọn sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀."

Ẹ ò rí i bí ó ṣe ń bà mí lórúkọ jẹ́ lójú àlejò! Ó dáa. Ẹ ti mọ̀ pé èmi ni Ọdẹ́ṣínà tí mò ń sọ yìí, òun sì ni Olúgbódi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ibi tí mo wà kò ṣe é fi ríran. Ojú Olúgbódi ló rí i, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ. Nítorí náà, màá gbé ara mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn ní ojú ọ̀nà, màá sì máa pe ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní Ọdẹ́ṣínà bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíì ni. Arẹwà ni ọmọ náà, kí n má parọ́.

Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ ọmọ ní Olúgbódi lásán. Ọmọ tí ó bá gbé ìka tí ó lé wá láti ọ̀run ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tí ó kéré jù ní ọwọ́ ọ̀tún Olúgbódi, òmíràn tún wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní èékánná, ó sì máa ń gbọ̀n nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Iṣẹ́ Olúgbódi ni kí ó máa ka orógbó sínú apẹ̀rẹ̀ fún àwọn tí ń kó o lọ sí ọ̀nà jíjìn, igba nínú apẹ̀rẹ̀ kan. Àwọn yòókù máa ń kà á ní márùn-ún márùn-ún. Olúgbódi a máa fi ìka kan ka ẹyọ kan, nígbà tí ìka rẹ̀ bá sì tán, mọ́kànlá ti pé. Ó mọ igba bí ó ti mọ ìró ìdí rẹ̀: ìkúnwọ́ mọ́kànlá-mọ́kànlá lọ́nà méjìdínlógún, ó ku méjì. Tí ó bá ń ta lọ́wọ́, mẹ́wàá ni fún oníbàárà, ìkọkànlá ni èènì. Kò sí ẹni tí ó ra orógbó lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò padà wá.

Ṣùgbọ́n ìyá Ọdẹ́ṣínà kò fẹ́ ìka náà. Ó ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí ìyàwó bá kúnlẹ̀ tí ó na ọwọ́ láti gba omi, àwọn àlejò yóò máa ka ìka dípò kí wọ́n máa ṣàdúrà. Wọ́n ti bá olóòlà sọ̀rọ̀ pé kí ó wá gé e kúrò, ọjọ́ ìgbéyàwó sì ku mẹ́fà. Olúgbódi ti ní ó dáa. Ọdẹ́ṣínà jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń pọ́n àdá rẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tí Láwuyì sọ̀rọ̀ tán, Olúgbódi so orógbó méjìlélógún mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" ni bàbá rẹ̀ bi í. "Jẹ́ kí àwọn ọdẹ lọ."

"Bàbá mi, àwọn ọdẹ yóò pàdé lọ́la, wọn yóò jẹun, wọn yóò sì jíròrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni iwin dá. Ọjọ́ kan ti lọ."

Ó sì wọ igbó lọ.

Igbó tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ni à ń pè ní Igbó Onímejì. Igi ibẹ̀ kì í dúró lójú kan. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn kiri, ìrókò pẹ̀lú ìrókò, àràbà pẹ̀lú àràbà, gbòǹgbò wọn ń wọ́ tẹ̀lé wọn bí aṣọ tí ó gùn jù. Bí ẹnì kan bá dá wọ ibẹ̀, wọn yóò fún un ní igi kan láti máa bá rìn títí ayé. Olúgbódi kò tíì rìn jìnnà tí àràbà àgbà kan fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó sì yọjú sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìkejì rẹ dà?"

Olúgbódi na ọwọ́ sí òjìji rẹ̀. "Òun nìyí nílẹ̀."

"Kí ló dé tí kò kí wa?"

"Ẹ má bínú, ojú yín ló ń tì í."

Àwọn igi náà rẹ́rìn-ín títí ewé fi bo ilẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa lọ, wọ́n sì ń bá a lọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, wọ́n ń wo ìkejì rẹ̀ onítìjú. Olúgbódi náà ń wò ó. Ó rí i pé oòrùn ń gun òkè, òjìji náà sì ń kúrú. Ó ti tó ìdajì rẹ̀. Nígbà tó yá ó di bí ọmọ ọwọ́. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí oòrùn bá dé àárín orí, wọn yóò ní mo ti gbé ìkejì mi mì. Ó wá kó ìró rẹ̀ sókè, ó sá eré tí kò sá rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jáde nínú igbó náà báyìí ni òjìji rẹ̀ wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì gbọ́ tí àràbà ń kígbe lẹ́yìn pé, "Ẹ dì í mú! Ó ti jẹ ẹ́!"

Ẹ̀yin kan yóò fẹ́ mọ bí Ọdẹ́ṣínà ṣe kọjá níbẹ̀. Ìbọn rẹ̀ ló pè ní ìkejì. Àwọn igi wo ìbọn náà, wọ́n rí i bí ó ti ń dán, wọ́n sì kí i kú ìrìn.

"Wọn ò mọ̀ pé kì í yìn," ni ìyàwó mi wí.

Ẹ jẹ́ kí á máa lọ.

Ní ẹnu ibodè Kòṣẹ́kù, òkìtì-ọ̀gán ló tò lọ́tùn-ún lósì, ó ga bí ènìyàn, ó sì dúró bí ènìyàn. Olúgbódi ń kọjá lọ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn sín. Ó wò ó, ó rí i pé ojú àti ẹnu ṣì kù lára rẹ̀, ìyókù ti di ilẹ̀.

"Wọ́n pín wa sí ọ̀nà méjì, mo kù," ni òkìtì náà wí, bí ẹni tí ó ti sọ ọ́ ní àìmọye ìgbà. "Wọ́n pín wa sí mẹ́ta, mo kù. Wọ́n pín wa sí mẹ́rin, mo kù. Kí ni mí?"

"Ẹ̀yin ni àṣẹ́kù," ni Olúgbódi dáhùn. "Ẹ kú ìnira, bàbá. Mò ń wá ọdẹ kan tí ó wọlé lánàá."

"Ó rẹwà díẹ̀, ó ń fọ́nnu púpọ̀?"

"Òun gan-an ni."

"Yóò di aládùúgbò mi kí oòrùn tó wọ̀ lónìí. Wọ́n ti sáré kà á. Jókòó kí n sọ fún ọ."

Òkìtì náà sọ fún un pé ilé mẹ́rìndínláàádóje ló wà ní Kòṣẹ́kù, igba iwin ló sì ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan, kò lé, kò dín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ gbogbo wọn, ọ̀kẹ́ kan ni, ó lé ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó tún lé igba. Bí wọ́n bá pín ìyẹn sí ìlà méjì, yóò pé. Bí wọ́n bá pín in sí mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, títí dé mẹ́wàá, yóò pé, kò ní ku ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí ìlú náà fi ń jẹ́ Kòṣẹ́kù, ohun tí wọ́n sì fi ń yangàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àlejò kan bá jẹ oúnjẹ wọn ní àkókò ìkànìyàn, iye wọn á di ọ̀kẹ́ kan ó lé ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó lé igba ó lé ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ló bà á jẹ́. Ọ̀nà yòówù tí wọ́n bá pín ìlú sí, láti orí méjì dé orí mẹ́wàá, ẹnì kan yóò kù.

"Ẹni tí kò bá rí àyè nínú ìlà kankan, òfin ní kí ó wá dúró ní ibodè, kí á má baà kà á mọ́."

"Ẹni tí ó bá rí àyè ńkọ́?"

"Ọmọ ìlú ni nìyẹn. Ta ló lè fi ọwọ́ kan ọmọ ìlú? Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó rí i." Òkìtì náà tún sín. "Bá mi họ imú mi kí o tó lọ."

Olúgbódi bá a họ ọ́, ó sì wọlé.

Ní ìta ilé àkọ́kọ́, iwin obìnrin kan jókòó ti ààrò rẹ̀. Iyán funfun wà nínú ọpọ́n, ẹran ẹtu ń hó nínú ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ sì di Olúgbódi lọ́wọ́ mú bí ojúlùmọ̀. Láti àárọ̀ kò tíì jẹ nǹkan kan.

"Ìyàwó wa, ó rẹ̀ ọ́. Bu òkèlè kan péré."

"Ẹ ṣeun, mà. Mo ti yó."

"Inú rẹ ń kùn, mò ń gbọ́ ọ níbí. Ọdẹ tó wá lánàá, àwo mẹ́ta ló jẹ, ó sì lá ọpọ́n."

Irọ́ ni. Àwo méjì ni.

"Mẹ́ta ni," ni ìyàwó mi wí, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè nínú apẹ̀rẹ̀.

Olúgbódi bu orógbó kan jẹ, ó korò, ojú rẹ̀ là, ó sì kọjá.

Ó dé gbàgede ìlú, ó sì dúró sójú kan. Ènìyàn kò rí irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Iwin onírun, iwin onírù, iwin tí ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́, gbogbo wọn tò lọ títí ojú kò fi lè tó wọn mọ́. Ọba wọn dúró lórí àpáta, apá rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì gùn bí ọ̀pá. Ìka kan ni ó fi ń darí ìlà kan. Ìka mẹ́jọ ló nà síwájú nígbà yẹn, ìlà mẹ́jọ sì wà níwájú rẹ̀, wọ́n gún régé. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, Ọdẹ́ṣínà dá dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di ilẹ̀ pupa dé orúnkún.

"Mẹ́jọ, ó kù!" ni gbogbo ìlú kígbe. Ilẹ̀ náà gòkè dé ìbàdí rẹ̀.

"Olúgbódi!" ni Ọdẹ́ṣínà ké. "Padà sílé! Sọ fún ìyá mi pé ẹkùn ni mò ń bá jà!"

"Mẹ́sàn-án!" ni ọba wí. Wọ́n tú ká, wọ́n tún tò, ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ọdẹ́ṣínà fi ojú wá àyè nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kò rí. "Mẹ́sàn-án, ó kù!" Ilẹ̀ dé àyà rẹ̀.

Olúgbódi kò sunkún. Ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ariwo náà, ó da orógbó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣe bí ẹni tí ó wà nílé tí àwọn oníbàárà ń dúró dè. Ó ní: ilé kan, igba. Tí mo bá ka igba ní mọ́kànlá-mọ́kànlá, ó ku méjì. Ilé mẹ́rìndínláàádóje, méjì láti inú ìkọ̀ọ̀kan, igba ó lé méjìléláàádọ́ta ló kù. Ó wo Ọdẹ́ṣínà. Tí a bá fi tiẹ̀ kún un, igba ó lé mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó tún kà. Igba náà yóò gba ìkúnwọ́ méjìdínlógún, yóò ku méjì. Mẹ́tàléláàádọ́ta yóò gba ìkúnwọ́ mẹ́rin, yóò ku mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án àti méjì...

Ìka kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ọ̀rọ̀ orí ènìyàn ni. Mọ́kànlá. Ó pé. Bí Ọdẹ́ṣínà kò bá sí níbẹ̀ ni kò ní pé.

"Mẹ́wàá, ó kù!" ni ìlú kígbe. Ilẹ̀ dé ọrùn Ọdẹ́ṣínà, ó ku orí. Ọba ká ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò, ó ní, "Ó tán. Ìka ti tán. Ẹ gbé e lọ sí ibodè."

"Kábíyèsí, kò tíì tán!"

Gbogbo wọn yíjú padà. Olúgbódi kúnlẹ̀, orógbó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ tò wọ́n sí mọ́kànlá."

Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Iwin kan rẹ́rìn-ín títí irù rẹ̀ fi já bọ́. Ọba pàápàá rẹ́rìn-ín.

"Mọ́kànlá kẹ̀? Ọmọ aráyé, ìlà kan, ìka kan. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Èwo ni ìka kọkànlá nínú ìwọ̀nyí?" Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i.

Olúgbódi náà na tirẹ̀. "Òun nìyí."

Ẹ̀rín náà kú sí wọn lẹ́nu. Ọba sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta, ó rọra fi orí ọ̀pá ìka rẹ̀ kan kan ìka kékeré náà, ó yọ ọwọ́ kíá bí ẹni tí iná jó, ó tún kàn án.

"Dìde," ni ó wí. "Darí wọn."

Olúgbódi gun àpáta lọ. Ó na ìka rẹ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá síwájú, àwọn iwin sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tẹ̀lé wọn, ìlà kan sí ìka kan. Ìlà kọkànlá tò sábẹ́ ìka tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Nígbà tí gbogbo wọn dúró tán, ìlà mẹ́wàá ti pé, ìlà kọkànlá nìkan ni ó ku àyè ẹnì kan ní ìdí rẹ̀. Ọdẹ́ṣínà gbọ́ tí ilẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń ya. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀ pupa náà ń já lára rẹ̀ gììrì-gììrì, ó rìn lọ, ó sì dúró sí àyè náà. Ó pé. Ẹgbọ̀kànlá ó lé mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kò lé, kò dín.

"Mọ́kànlá," ni ọba wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò ku ẹnì kan."

Ariwo ayọ̀ tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, ẹyẹ kò bà sí ibẹ̀ fún ọdún kan.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ jó. Ìlà kọ̀ọ̀kan wá ń wá bí yóò ṣe pín ara rẹ̀ sí agbo ijó. Wọ́n gbìyànjú agbo méjì, ó kọ̀. Mẹ́ta kọ̀, márùn-ún kọ̀, méje kọ̀. Inú kò bí wọn mọ́, wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀nà lè wà níwájú ìka, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tú ká, wọ́n ń tún tò. Nígbà tí wọ́n dé agbo mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó pé, iwin mọ́kàndínlọ́gọ́rin nínú agbo kọ̀ọ̀kan, kò sì sí agbo tí kò ní ìlù àtẹ́wọ́ tirẹ̀.

Ọba jókòó ti Olúgbódi, ó ń wo ijó. "Iye yìí mà ṣe àrà o," ni ó wí. "Mọ́kànlá fi ẹyọ kan lé mẹ́wàá. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹyọ kan ló kù kí ó tó ọgbọ̀n. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ẹyọ kan ló kù kí ó tó ọgọ́rin. Ohun tí ó bá gún gẹ́lẹ́, kò gbà á. Ohun tí ó fi ẹyọ kan lé, tí ó fi ẹyọ kan dín, ni ó ń bá ṣe ọ̀rẹ́. Ní ìlú yín, kí ni ẹ̀ ń pe ẹyọ kan tí ó bá lé mẹ́wàá?"

"Èènì ni, Kábíyèsí."

"Kí ni èènì?"

"Tí ènìyàn bá ra mẹ́wàá lọ́wọ́ mi, màá fi ọ̀kan sí i. N kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo kàn fi sí i kí inú rẹ̀ lè dùn, kí ó lè tún padà wá ni."

Ọba ronú. "A kì í tà, a kì í rà níbí. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ èènì di òkìtì-ọ̀gán." Ó bojú wo ọ̀nà ibodè, ojú rẹ̀ rọ̀. "Ọ̀la ni màá lọ sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀. A ó wá ìlà tí yóò gba àwọn náà, bí yóò bá tilẹ̀ gbà wá ní ọdún mẹ́wàá." Ó wá yíjú sí i. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Fi ìka yẹn sílẹ̀ fún wa. Tí o bá lọ, báwo ni a ó ṣe máa ka mọ́kànlá?"

Kí Olúgbódi tó la ẹnu, Ọdẹ́ṣínà ti sọ̀rọ̀ níbi tí ó ti ń gbọn ilẹ̀ kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀. "Fún un jàre! Ṣebí olóòlà yóò gé e náà ni. Jẹ́ kí á máa lọ sílé."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ ẹlòmíì ni.

Olúgbódi wo Ọdẹ́ṣínà. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, gbogbo ara tí ìka náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ ilẹ̀. Kò bínú. Ó kàn rí i bí ènìyàn ṣe ń rí ọ̀nà nígbà tí kùrukùru bá ká. Nílé, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n gé e, ó rọrùn fún un láti sọ pé ó dáa, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé ìka náà wúlò, òun náà kò sì rò ó.

"Kábíyèsí," ni ó wí, "ká ní àná lẹ béèrè ni, ǹ bá ti fún yín. Lónìí, rárá. Ṣùgbọ́n mo lè kọ́ yín. Ẹ ka ìka yín mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nígbà tí wọ́n bá tán, ẹ fi ọwọ́ kan àyà ara yín, kí ẹ ní, 'Èmi.' Ìkọkànlá nìyẹn. Kò sí ẹni tí kò ní i."

Ọba kà á. Ó kan àyà rẹ̀. "Èmi," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kan àyà wọn, èmi, èmi, èmi, títí igbó fi ń dún.

"Ó dára," ni ọba wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò lè lọ. Ó ti rí àyè. Ọmọ ìlú ni."

"Ṣé ọmọ ìlú yín kì í lọ sí oko, Kábíyèsí?"

"Ó ń lọ nígbàkígbà tó bá wù ú."

"Ìdí-Orógbó ni oko rẹ̀ wà. Ní ìgbà tí kò bá sí nílé, ẹ padà sí ìlà méjì títí dé mẹ́wàá, yóò pé fún yín. Ní ìgbà tó bá wá kí yín, ẹ tò sí mọ́kànlá."

Ọba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fún wọn ní odindi ẹtu kan fún ìgbéyàwó, ó sì ní kí àwọn igi Igbó Onímejì jẹ́ kí wọ́n kọjá, nítorí wọ́n ti di méjì.

Bí ó ṣe rí nìyẹn. Èmi ni mo gbé ẹtu náà. Ó wúwo ju ẹfọ̀n lọ, n kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ìsọdá odò tí a ti ń rí èéfín Ìdí-Orógbó, Ọdẹ́ṣínà ní ó yẹ kí wọ́n yára, kí olóòlà má baà dúró pẹ́ kí ó wá bínú. Olúgbódi dúró sínú omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní...

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ni ìyàwó mi wí. "Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Èmi ni kí n tún un sọ."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kúrò lórí itan, ó gbọn èèpo orógbó kúrò ní ọwọ́, ó sì tẹ́ ọwọ́ náà sílẹ̀ níwájú mi. Ẹ ka ìka rẹ̀ fúnra yín. Ó wo ojú mi gan-an, bí ó ti wò ó nínú odò yẹn ní ogójì ọdún ó lé mẹ́ta sẹ́yìn.

"Mo fẹ́ ọ, Ọdẹ́ṣínà, màá sì fẹ́ ọ lọ́jọ́ tí a dá. Ṣùgbọ́n olóòlà kò ní fi ọwọ́ kan mí. Ìka mọ́kànlá ni mò ń gbé bọ̀ sílé rẹ. Tí o bá fẹ́ mẹ́wàá, gbé ẹtu yẹn lọ sí ilé ẹlòmíì."